Omi tó gbẹ lára aṣọ, ibo ló lọ?

Tíṣà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ Primary 4 lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó ló kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Hẹ́dímásítà wa ní ká máa fi Yorùbá ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì fáwọn ọmọ torí òyìnbó ò tíì yé wọn dáadáa. Inú mi dùn sí i, àmọ́ ìgbà tí mo dórí bí omi ṣe ń yí padà ni mo há. Mo wá evaporation lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibì kan ní ìsọdoru, ibòmíì ní ìyípadà-omi-sí-afẹ́fẹ́, mo kọ méjèèjì sójú bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ kàn ń wò mí ni, ọ̀kan tiẹ̀ bi mí pé ṣé orúkọ èèyàn ni. Condensation, melting, dissolving, fermentation, rusting, gbogbo ẹ̀ ló ń dààmú mi. Ṣé òótọ́ ni pé Yorùbá ò tó fi kọ́ sáyẹ́ǹsì ni? Èwo gan-an ni ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà?"

Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbé bírò, torí ó rán mi létí ara mi. Ọdún 11 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì kí n tó bọ́ sídìí iṣẹ́ ògbufọ̀, ìwé ìlera àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ń tú sí Yorùbá báyìí, kò sì síbi tẹ́ ẹ há sí yẹn témi ò há sí rí. Ìbéèrè méjì ló wà nínú lẹ́tà yín, ẹ kàn lọ́ wọn pọ̀ mọ́ra ni. Ọ̀kan ni pé kí là ń pe nǹkan báyìí báyìí. Èkejì ni pé ṣé èdè wa tó. Èkejì yẹn ló sì ń bà yín lọ́kàn jẹ́, mo rí i nínú bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú un kúrò lọ́nà.

Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn tí wọ́n jọ wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà yẹn bẹ̀rẹ̀ ètò kan nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní gbogbo nǹkan lédè Yorùbá, ìṣirò o, sáyẹ́ǹsì o, gbogbo ẹ̀, òyìnbó nìkan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan tí tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Ìgbà tí wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi òyìnbó kọ́ láti kíláàsì kẹrin, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ yìí ò gbẹ́yìn rárá, wọ́n tún ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, tó fi mọ́ òyìnbó fúnra ẹ̀. Àádọ́ta ọdún ó lé ti kọjá lórí ìyẹn. Nítorí náà ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀, àwọn kan ti la ọ̀nà yẹn, igbó ló kàn tún hù bò ó. Ìwé ọ̀rọ̀ náà wà. Àjọ tó ń rí sí ìwádìí ètò ẹ̀kọ́ nílẹ̀ wa kó ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jọ ní èdè Nàìjíríà mẹ́sàn-án, Yorùbá sì wà lára ẹ̀. Àwọn èèyàn á tún máa dárúkọ Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣolóòtú ẹ̀ lọ́dún 1984 fún yín, ìwé gidi ni, àmọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀ ni tiẹ̀ dá lé lórí, ẹ ò ní rí bí omi ṣe ń gbẹ níbẹ̀.

Ó wá kan ibi tọ́rọ̀ wà gan-an. Ẹ wo gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ sí mi, evaporation, condensation, fermentation, ọ̀rọ̀-orúkọ ni gbogbo wọn. Bí òyìnbó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, nǹkan á ṣẹlẹ̀, wọ́n á sọ ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn di nǹkan tó lórúkọ, wọ́n á gbé e kalẹ̀ bí ìgbà téèyàn gbé àga kalẹ̀. Yorùbá kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àwa á ní omi gbẹ, òrí yọ́, ẹ̀kọ dì, ẹmu kan, àkàrà wú, irin dógùn-ún, iṣu jẹrà. Ọ̀rọ̀-ìṣe la fi ń mú un, ọ̀pọ̀ ìgbà ọ̀rọ̀ oní-sílébù kan péré, ohun tó ń ṣe é á sì wà níwájú ẹ̀ tèèyàn á rí i. Bẹ́ ẹ bá wá lọ ń wá ọ̀rọ̀-orúkọ kiri, ẹ ò ní rí nǹkan kan, ẹ máa rò pé àpótí ṣófo, nígbà tó jẹ́ pé yàrá kejì lẹrù wà. Ẹ lọ bá ìyá tó ń ṣe gàrí, kẹ́ ẹ ní kí ni wọ́n ń pe fermentation, wọ́n á wò yín ṣùn-ùn. Àmọ́ kẹ́ ẹ ní, ìyá, kí lẹ̀gẹ́ yìí ń ṣe nínú àpò láti ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n tó mí lẹ́ẹ̀kan wọ́n á ti dá yín lóhùn pé ó ń kan ni. Ohun tó fà á tí ìsọdoru ò fi wọ àwọn ọmọ yẹn létí nìyẹn, ẹnì kan ló jókòó sídìí tábìlì tó rán an pọ̀, kò tẹnu ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jáde, etí ọmọ ò sì mọ̀ bóyá ooru ni wọ́n ń sọ àbí òru.

Tí wọ́n bá ní dandan kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀-orúkọ sójú bọ́ọ̀dù, ẹ má lọ jìnnà. Ẹ mú kọ́ńsónáǹtì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn, ẹ fi í olóhùn òkè tì í, ẹ gbé e síwájú, ó parí: gbẹ di gbígbẹ, yọ́ di yíyọ́, dì di dídì, hó di híhó, kan di kíkan, wú di wíwú. Ọmọ ọdún mẹ́rin mọ̀ ọ́n ṣe láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ ọ. Èyí dáa ju kẹ́ ẹ máa fi ì bẹ̀rẹ̀ gbogbo nǹkan lọ, torí ìdì táwọn kan fẹ́ fi pe freezing, ìdì igi lọmọ máa gbọ́. Kẹ́ ẹ sì wá ṣọ́ bẹ́ ẹ ṣe tò ó o. Dídì omi ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ gbé píọ̀ wọ́tà sínú firísà, omi dídì ni èyí tẹ́ ẹ gbé jáde tẹ́ ẹ ń là mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì kan náà, ẹ yí wọn padà, ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀, ìkejì jẹ́ nǹkan tèèyàn lè dì mú. Ọ̀pọ̀ òyìnbó tó ń kọ́ èdè wa ni ìyẹn ń yà lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká wá mú evaporation fúnra ẹ̀ torí òun ló ṣòro jù nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tá a ní ni gbẹ, ó sì dáa, àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tó ti máa já yín kulẹ̀. Tá a bá ní aṣọ gbẹ, ọ̀rọ̀ aṣọ là ń sọ, a ò sọ ọ̀rọ̀ omi. Odò gbẹ, ẹnu gbẹ, ẹran gbẹ, ohun tó kù nílẹ̀ là ń wò, èyí tó lọ, a ò bi í pé ibo ló lọ. Sáyẹ́ǹsì sì rèé, èyí tó lọ yẹn gan-an ló ń wá. Mo rántí ìgbà tí mo da omi díẹ̀ sílẹ̀ ní kíláàsì mi, a jọ wò ó títí tó fi gbẹ, mo ní ibo lomi yẹn wọlé sí, ọmọ kan ní ilẹ̀ mu ún, òmíì ní oòrùn jẹ ẹ́, èyí tó jókòó lẹ́yìn ní ó ti tán ni. Sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ yẹn o. Wọ́n mọ gbẹ dáadáa, àmọ́ gbẹ ò sọ fún wọn pé omi ṣì wà. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kì í fi gbẹ sílẹ̀ lóun nìkan, mo máa ń sọ pé omi ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn, lọ sínú afẹ́fẹ́, òun ló gbé sáyẹ́ǹsì. Ẹ bu omi sínú àwo méjì, kẹ́ ẹ de ọ̀kan ní ọ̀rá kó le dáadáa, ẹ fi ìkejì sílẹ̀ láìdé, ẹ gbé wọn síbì kan títí di ọjọ́ kejì, àwọn fúnra wọn á sọ fún yín pé èyí tá a dé ò rọ́nà lọ.

Ìdí tí mi ò fi fẹ́ ìsọdoru gan-an nìyí, kì í ṣe pé ó gùn tàbí pé kò dùn-ún gbọ́. Ooru ń tan ọmọ jẹ. Ó máa jẹ́ kó rò pé àfi tí nǹkan bá gbóná kómi tó lè lọ. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo laṣọ máa ń tètè gbẹ lókùn, nígbà òjò tí ara ń ṣe wá wọ̀ọ̀ yìí ni àbí nígbà ọyẹ́. Gbogbo wọn á ní ìgbà ọyẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀, ọyẹ́ tutù, ètè ń là, a máa ń wọ súwẹ́tà láàárọ̀, aṣọ tá a sá ṣì máa ń gbẹ gan-an ni, torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ fúnra ẹ̀ ò lómi nínú, àyè pọ̀ nínú ẹ̀ tó lè gba omi. Oòrùn àti ooru máa ń mú un yá, òótọ́ ni, àmọ́ wọn kọ́ ni gbogbo ẹ̀. Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí àgbàlagbà pàápàá máa ń ṣì mú. Ohun funfun tó ń jáde lẹ́nu kẹ́tùlù tó ń hó, ọ̀pọ̀ rò pé òun ni omi tó ti di afẹ́fẹ́. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé àlàfo kékeré kan wà lẹ́nu kẹ́tùlù gan-an tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kí funfun yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Inú àlàfo yẹn lomi inú afẹ́fẹ́ wà, ojú ò lè rí i. Funfun yẹn ti tún padà di omi, ẹ̀kán omi wínníwínní ni, ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú kùrukùru àárọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan ki ọwọ́ bọ àlàfo yẹn o, ó máa bó wọn lára.

Ìyẹn ló gbé wa dé condensation. Ohun tí gbogbo wa máa ń sọ tí mínírà tútù bá jáde nínú firíìjì ni pé ìgò yẹn ń làágùn. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, ó ṣe rẹ́gí lójú, àmọ́ òógùn, inú ara ló ti ń jáde, nítorí náà ọmọ tó bá gbọ́ làágùn á gbà pé mínírà inú ìgò ló ń jò síta. Ẹ gbé Fanta kalẹ̀ kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ kan omi ara ìgò yẹn, kí wọ́n tọ́ ọ wò. Kò dùn, kò pọ́n. Tí kò bá wá láti inú ìgò, ibo ló ti wá? Inú afẹ́fẹ́ tá a sọ lẹ́ẹ̀kan náà ni, ó rí ibi tó tutù, ó padà di omi. Àwọn bàbá wa sì ti ní ọ̀rọ̀ fún un látayébáyé, ìrì sẹ̀. Sẹ̀ yìí ni mo máa gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ mú. Ìrì sẹ̀ sára koríko, omi sẹ̀ sára ìgò, omi sẹ̀ sínú ọmọrí ìkòkò, omi sẹ̀ sára gíláàsì mọ́tò nígbà òjò. Àwọn ọmọ ìlú ńlá lè má mọ sẹ̀ mọ́, tiyín tí wọ́n ń gba ojú oko kọjá láàárọ̀ á mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń ṣe ògógóró gan-an, iṣẹ́ yìí kan náà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á dáná sábẹ́ dúrọ́ọ̀mù ẹmu, ohun tó bá gbéra níbẹ̀ á gba inú páìpù tó la inú omi tútù kọjá, á sẹ̀, á máa kán tó tó tó sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ ò ní mú ọmọ Primary 4 lọ síbẹ̀ ṣá.

Yọ́ ni kò jẹ́ kí n sùn nígbà kan. Òrí yọ́ nínú oòrùn, iyọ̀ yọ́ nínú omi, ọ̀rọ̀ kan náà ni, òyìnbó sì pín in sí méjì, melting àti dissolving. Àwọn kan á ní ẹ wò ó, ibi tí Yorùbá ti kù nìyẹn. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ojú ni Yorùbá fi wò ó, ohun líle di ohun tó ń ṣàn, ìyẹn sì ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì. Àmọ́ tíṣà gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, torí ohun tó fà wọ́n yàtọ̀ síra. Òrí nìkan ti tó, iná tàbí oòrùn ló kù, kò ní ẹnì kejì. Iyọ̀ ò lè yọ́ láìsí omi níbẹ̀, kódà kẹ́ ẹ gbé e sórí sítóófù látàárọ̀ dalẹ́, torí ó dìgbà tí ìgbóná ẹ̀ bá dé ìwọ̀n 801 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí iyọ̀ tó lè yọ́ bí òrí ṣe ń yọ́. Nítorí náà ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ lé yọ́ ni kẹ́ ẹ fi yà wọ́n: iná yọ́ òrí, iyọ̀ yọ́ sínú omi. Ẹ má ṣe gé e kúrú. Dì náà ní irú ẹ̀, omi dì nínú firísà, epo pupa dì láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ̀kọ dì nínú ewé, ẹ̀jẹ̀ dì lójú egbò. Méjì àkọ́kọ́ jọra wọn, òtútù ló dì wọ́n, tí wọ́n bá gbóná padà wọ́n á yọ́. Ẹ̀kọ ò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá, sítáàṣì inú ẹ̀ ló fa omi mu tó so mọ́ra. Ti ẹ̀jẹ̀ wá yàtọ̀ pátápátá, kò ní í ṣe pẹ̀lú òtútù rárá. Mo máa ń jẹ́ káwọn ọmọ fúnra wọn kó gbogbo ohun tó ń dì jọ, ká wá máa bi ara wa pé èwo ló lè padà. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan gbáko nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bí i.

Hó náà, ká sáré gba ibẹ̀ kọjá: omi hó lórí iná, ọṣẹ hó, ẹmu ń hó nínú kẹ́ẹ̀gì láìsí iná. Èéhó tójú rí ni hó ń sọ, kò sọ ohun tó fà á. Ẹ ṣáà fi kún un, omi hó torí iná.

Ti fermentation, òdìkejì ni, òyìnbó ló ní ẹyọ kan, àwa ló ní púpọ̀. Gàrí, ògì, ẹmu, wọ́n ń kan. Búrẹ́dì kì í kan, wíwú ló ń wú. Ẹ wo ìwúkàrà tó wà nínú Bíbélì, àwọn tó túmọ̀ ẹ̀ mú wú, wọ́n mú àkàrà, wọ́n so ó pọ̀, títí dòní kò sẹ́ni tó ń bèèrè ìtumọ̀ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Irú tá a fi ń se ọbẹ̀ kì í kan, kì í wú, ẹ bò ó mọ́ inú ooru fọ́jọ́ díẹ̀, ó rọ̀, ó ń yọ̀, òórùn ẹ̀ gba àdúgbò. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé àwọn ohun ẹlẹ́mìí wínníwínní tójú ò lè rí ló ń jẹ oúnjẹ yẹn, tí wọ́n ń yí i padà, àmọ́ tinú ògì ń pèsè ohun kíkan, tinú búrẹ́dì ń pèsè afẹ́fẹ́ tó ń gbé ìyẹ̀fun sókè, tinú irú ò pèsè ohun kíkan rárá, òdìkejì ẹ̀ ni. Tíṣà tó bá wá pe gbogbo ẹ̀ ní kíkan ti purọ́ fún ọmọ nípa irú láìmọ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú tiyín yẹn, ìdí tó fi kan ju ti ibòmíì lọ ni pé ó pẹ́ nínú àpò kí wọ́n tó yan án, kì í sì í ṣe torí adùn nìkan o, bí wọ́n ṣe ń rin ín, tó ń kan, tí wọ́n ń fún omi ẹ̀ dà nù, tí wọ́n tún ń yan án, gbogbo ẹ̀ ló ń lé májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ jáde. Àwọn ìyá wa ò mọ orúkọ májèlé yẹn, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá kánjú á jẹ ìyà ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti màmá bàbá mi fún yín. Aláró ni wọ́n l'Ábẹ̀ẹ́òkúta, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń lo họ́lídè. Wọ́n á gún ewé ẹ̀lú, wọ́n á sá a, wọ́n á fi omi eérú rẹ ẹ́ sínú ìkòkò títí tó fi máa dé ojú ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, òórùn ẹ̀ le gan-an. Tí wọ́n bá fa aṣọ yọ nínú ìkòkò, kì í dúdú, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, bí àlejò bá wà níbẹ̀ á rò pé ó ti bà jẹ́. Wọ́n á nà án, wọ́n á ní "ẹ jẹ́ kó rí atẹ́gùn." Lójú wa níbẹ̀ láwọ̀ ewé yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, á di aró. Yunifásítì ni mo ti wá mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Aró kì í yọ́ sínú omi. Inú ìkòkò yẹn, níbi tí ọ́síjìn, èyí tá à ń mí sínú látinú afẹ́fẹ́, ò sí, àwọn ohun ẹlẹ́mìí wínníwínní ló yí i padà, ìgbà yẹn ló tó lè yọ́, tó fi ráyè wọnú òwú. Tí aṣọ bá wá jáde síta, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á dà á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò lè yọ́ mọ́, ó há sínú òwú títí láé, ìdí nìyẹn tí ẹ ṣe ń fọ àdìrẹ tí aró ẹ̀ kì í ṣàn dà nù. Ìgbà míì wọ́n á ní ìkòkò yìí ti kú, a máa ń rò pé àṣà ni, òótọ́ pọ́ńbélé ni, àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú ẹ̀ ló kú. Àwọn aláró òde òní ń fi kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní kọ́sítíìkì sódà àti háídírò ṣe é, wákàtí díẹ̀ ló gbà wọ́n, iṣẹ́ kan náà ni. Ohun tí mo mú níbẹ̀ fún iṣẹ́ mi ni rí atẹ́gùn. Oxidation nìyẹn, mo ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ, iṣu tá a bẹ rí atẹ́gùn ó dúdú, irin rí atẹ́gùn àti omi ó dógùn-ún. Kò pé tán o, torí irin ò ní dógùn-ún tí kò bá sí omi níbẹ̀, nítorí náà ẹ má yọ omi kúrò nínú gbólóhùn yẹn, òun náà ló sì ṣàlàyé ìdí tá a fi ń fi epo ra àdá kó tó di pé a gbé e sájà.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, àmọ́ ó ń dùn mí. Mo túmọ̀ ìwé pélébé kan nípa gáàsì ìdáná nígbà kan, mo kọ ọ́ pé bí gáàsì bá ń jò, ẹ má tan iná. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ yọ gbogbo àmì kúrò, wọ́n ní ó ń dí ojú ìwé. Gáàsì tó ń jó ń ṣe iṣẹ́ tá a rà á fún. Gáàsì tó ń jò lè pa gbogbo ilé. Ìwé yẹn jáde pẹ̀lú jo lásán, ẹni tó bá kà á ló máa yàn fúnra ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì sójú bọ́ọ̀dù, ẹ fàmì sí i, yọ́, yọ, yọ̀, ìtumọ̀ mẹ́ta ni.

Ó tún ku ibi tí èdè wa ò tíì dé, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò fojú rí, tí kò sì sẹ́ni tó ń fọwọ́ ṣe é nílẹ̀ wa, kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe fún un lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Átọ́ọ̀mù, ọ́síjìn, ásíìdì, ẹ yá a, ẹ kọ ọ́ bá a ṣe ń pè é, kì í ṣe ìtìjú. Òyìnbó náà yá tiẹ̀ lọ́wọ́ Gíríìkì àti Látìn. Èmi fúnra mi ti ṣe àṣejù lórí ẹ̀ rí, mo ń fi kòkòrò pe bakitéríà, mo ń fi kòkòrò pe fáírọ́ọ̀sì, mo ń yangàn pé Yorùbá pọ́ńbélé ni. Ìgbà tó yá bàbá kan bi mí ní ìpàdé ìlera pé tí oògùn yìí bá ń pa kòkòrò, tí kòkòrò ló sì ń fa ọ̀fìnkìn, kí ló dé tí nọ́ọ̀sì ní òun ò gbọ́dọ̀ lò ó sí ọ̀fìnkìn. Bàbá yẹn ronú dáadáa, ọ̀rọ̀ mi ló ṣi wọ́n lọ́nà, torí bakitéríà ni oògùn yẹn ń pa, fáírọ́ọ̀sì ló sì ń fa ọ̀fìnkìn. Láti ìgbà yẹn, ibi tí ìyàtọ̀ bá ti lè pa èèyàn lára, mo ń yá ọ̀rọ̀ òyìnbó. Ní ti orúkọ gígùn tá à ń dá, àwọn kan ń gbé, àwọn kan ń kú. Amúlétutù wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù títí dòní torí ó sọ ohun tó ń ṣe, ó mú ilé tutù. Ayárabíàṣá dùn-ún gbọ́, àmọ́ kọ̀ǹpútà la ń sọ tá a bá fẹ́ tún un ṣe.

Nítorí náà bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mi ò ní kọ nǹkan kan sójú bọ́ọ̀dù ná. Màá ní kí wọ́n ròyìn fún mi, láti orí aṣọ tí wọ́n sá, bí omi ṣe gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, bó ṣe dókè tó tutù tó sẹ̀ di ìkùukùu, bí òjò ṣe ṣú, bó ṣe rọ̀, bí ilẹ̀ ṣe fa díẹ̀ mu tíyòókù ṣàn lọ sódò. Ìgbà tí wọ́n bá ti lè ròyìn ẹ̀ láìwo ẹnu yín, màá wá kọ gbígbẹ omi, màá kọ evaporation sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, sísẹ̀ omi, màá kọ condensation sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí òyìnbó ni wọ́n máa fi ṣe common entrance, a ò gbọ́dọ̀ fi tiwa dínà mọ́ wọn. Tí ọ̀rọ̀ kan bá wà lẹ́nu àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó yàtọ̀ sí tèmi, tiwọn ni kẹ́ ẹ mú. Kẹ́ ẹ sì bá mi bi ìyá tó ń ṣe irú lọ́jà yín pé ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n ń lò gan-an lọ́jọ́ tí irú bá dé ojú ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí mi pẹ̀lú àmì, torí rọ̀ àti yọ̀ tí mo ń lò yẹn ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn.